Orúkọ Tó Wà Lára Pósítà

Gbogbo Ìlọrà ń sunkún, àfi Àlàkẹ́ nìkan.

Àbúrò rẹ̀ ló kú, obìnrin tó sáré fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì ọdún 1988.

Pósítà rẹ̀, tí wọ́n kọ Hannah Ọlọ́runfẹ́mi sí, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ eré.

Owú ń jó Àlàkẹ́ nínú bí iná ọyẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá Obadiah," ni àwọn ará Fìdítì tó wá kẹ́dùn ń wí. "Ẹni tó gbé wa níyì ló lọ yìí."

Níyì kẹ̀? Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń sáré lọ sóko, ta ló ń ṣáájú?

Ọ̀gá eré ìdárayá kan láti Ìbàdàn gbé ìwé ìbánikẹ́dùn síwájú rẹ̀.

Àlàkẹ́ kọ orúkọ síbẹ̀: Hannah Ọlọ́runfẹ́mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tiyín ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti olóògbé."

"Tèmi nìyẹn. Èmi ni wọ́n fi lẹ́tà pè pé kí n wá sáré ní Ìbàdàn. Oyún Obadiah ni kò jẹ́ kí n lọ. Àbúrò mi mú lẹ́tà náà, ó sì fi orúkọ mi lọ."

Àlàkẹ́ ti ìwé náà padà síwájú ọ̀gá náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, bí èmi náà bá kú, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí sàréè mi?"