Ọmọ Tó Kù Lábẹ́ Orúkọ Bàbá

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ yín lórí fóònù níṣojú èrò. Ẹ ò mọ ohun tó fẹ́ wí.

"Brielle ọmọ mi nìkan ló kù lábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé owó orí látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú," ni awakọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò ní títì ìlú Duluth ní Amẹ́ríkà wí. Ìyáàfin Haugen ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá ará ìlú ṣe ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìkàwé. "Ẹ má yọ ọ́ o."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mọ́kànlélógún. Yunifásítì ló wà, ibẹ̀ náà ló ń gbé."

"Kò burú. Tó bá ṣì ń kàwé, ilé yín la máa kà á sí. Ṣùgbọ́n tó bá ti lọ́kọ tí wọ́n jọ kọ ìwé owó orí, a ò lè kà á mọ́ yín. Ṣé òun àti ọkọ kò jọ kọ ọ́?"

Awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ kẹ̀! Ọmọ tí kò lè se ẹyin! Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó pè é, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo èrò lè gbọ́.

"Brielle, màmá yìí ń bi mí bóyá ìwọ àti ọkọ ẹ jọ ń san owó orí!"

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Dádì," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́, "ta ló sọ fún yín?"

Ìyáàfin Haugen rọra gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ wo? Brielle, ọkọ wo?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Mò ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́ lórí fóònù, Dádì."