Fóònù Tó Ń Gba Ìwọ̀n Aṣọ

"Méjì ni kó o rà o," ni ìyá Èjìwùmí sọ fún un láàárọ̀. Láti ìgbà tí ìkejì Èjìwùmí ti wági lọ ní kékeré, nítorí a kì í sọ pé ìbejì kú, méjì-méjì ni ìyá ń ra gbogbo nǹkan. Èjìwùmí rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ti lajú kọjá ìyẹn. Gáùn kan ṣoṣo lòun fẹ́ rà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gbé fóònù ti ògiri nínú yàrá tó ń dá gbé. Ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti fẹ́ ra gáùn náà ò lo télọ̀. Kámẹ́rà fóònù ló ń gba ìwọ̀n, ohùn obìnrin kan á sì máa darí oníbàárà.

"Ẹ káalẹ́. Ẹ dúró ṣánṣán."

Inú rẹ̀ dùn. Fóònù yìí gbọ́n, ó tún mọ ọ̀wọ̀: ó ń fi "ẹ" bá ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún sọ̀rọ̀.

"Ẹ sún mọ́ ara yín díẹ̀."

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu rẹ̀. "Ta ni kí n sún mọ́? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

Nígbà tí fóònù tún sọ̀rọ̀, kò fi "ẹ" sí i mọ́.

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn, gbọ́wọ́ kúrò léjìká rẹ̀, kí n lè gba ìwọ̀n rẹ̀."