Ewúro Kànga Wa

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí omi ewúro tí a ń dà lé iyọ̀ fàdákà láti fi pa kòkòrò inú kànga àdúgbò wa kọ̀ tí kò pọ́n, tí kò sì ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́sàn-án dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn wolé-wolé sì ti kànga pa. Ọ̀gá Oyèbísí, ẹni tó kàwé jù láàárín wa, ní èmi Jímọ̀ ni mo ṣi iyọ̀ wọ̀n, pé ta ní ń gbé òṣùwọ̀n fún ẹni tó sá kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Láti ìgbà náà, ewé nìkan ni mò ń rù wá. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò tí a fi ń po omi náà. Mo di Oyèbísí sínú, n kò sì kí i mọ́.

Láàárọ̀ òní tí a tún fẹ́ po omi oṣù, mo sọ apẹ̀rẹ̀ ewúro kalẹ̀, ẹ̀yìn ń ro mí. Mọ́túnráyọ̀, ìyàwó tuntun tí iṣẹ́ ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sebẹ̀.

"Má fọ̀ ọ́!" Oyèbísí pariwo láti orí àga rẹ̀. "Ìkorò yẹn ló ń mú fàdákà jáde. Bí o bá fọ̀ ọ́ dànù, omi ò ní pọ́n."

Mọ́túnráyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ò wọ ilé ìdáná rí! Ta ló sọ fún yín?"

Arúgbó náà wò mí, ó mí kanlẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo fọ ewúro ọdún yẹn, mo sì mọ̀ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Jímọ̀ ò ṣi nǹkan kan wọ̀n."