Akoto Tí Clarrie Kọ̀ Láti Dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán ná.

1. Ní Bendigo, ìlú kan ní Australia, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Clarrie Hocking fi gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Òjò o, oòrùn o, kò wọ mọ́tò. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, àmọ́ itan rẹ̀ le bí irin.

2. Lọ́dún 1990, òfin dé: ẹni tó bá máa gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dé akoto. Vern, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ra tiẹ̀ kíá. Clarrie rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Vern, ta ló da igbá bò ẹ́ lórí?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Orí mi ni mò ń ṣọ́."

3. Kò pẹ́, ọlọ́pàá kan tí kò ju ọmọ Clarrie lọ dá a dúró láàárín ìgboro.

"Bàbá, akoto yín dà?"

Ó já ìwé ìtanràn lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Ìtìjú di ìbínú. Clarrie ti kẹ̀kẹ́ délé, ó tì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Merle, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Lynette, akoto lásán ni. Ẹ dé e, kẹ́ ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yín lọ."

"Ìjọba ò ní sọ mí di ẹni ẹ̀sín! Mọ́tò ni màá máa wọ̀ títí màá fi kú."

Kì í ṣe òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn.

4. Mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò lọ sílé ọtí, mọ́tò lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò. Ikùn yọ. Nígbà tó di ọdún keje, àtọ̀gbẹ dé. Egbò kékeré lẹ́sẹ̀ kọ̀, kò jinná. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Dókítà ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀? Òun gan-an ni oògùn yín."

Lọ́dún yẹn náà ni mọ́tò gbá Vern. Akoto rẹ̀ là. Orí rẹ̀ ò là. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gun kẹ̀kẹ́ wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Vern, ìjọba kọ́ ló ṣe mí. Èmi ni mo ṣera mi."



5. Wọ́n gé ẹsẹ̀ kejì. Clarrie kọ̀ láti fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun mọ́. Merle ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Kí ọdún tó yí po, ó kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: òfin tí ẹ ò fẹ́, ẹ bá àwọn tó ṣe é jà, ẹ má fi ìbínú bá ara yín jà. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.