Ìborùn Tí Kò Mọ Irọ́ Pa

Kí Ìbídùn tó gbé ògì lọ fún ìyá rẹ̀, ó yẹ èjìká ara rẹ̀ wò nínú dígí. Ìborùn tí òfin ní kí gbogbo àgbà máa dà sí èjìká, tí í funfun bí ọkàn bá balẹ̀, ti dú bí aṣọ aláró. Láti àná tí wọ́n ti pè é láti Kánádà pé Akínlàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ni ìwúwo ìborùn náà ti ń mú kí èjìká ro ó gógó. Àwọn àgbà ẹbí sì kìlọ̀ pé a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lójijì. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn yóò wá sọ ọ́.

Ó yí ìborùn náà sódì, ó gbé ògì wọ yàrá ìyá rẹ̀. Dúdú náà tún yọ síta.

"Kí ló ṣe èjìká rẹ?" ni Màmá bi í.

"Omi tí mo gbé ló dà sí i, Màmá."

"Omi wo? Nílé tí ẹ̀rọ ti ń gbé omi wá bá wa lórí ìjókòó?"

Ìbídùn fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo ògì síwájú Màmá. Màmá rọra ṣí aṣọ òtútù tó fi bora. Ìborùn tirẹ̀ dú ju ti ọmọ rẹ̀ lọ.

"Akínlàbí kò pè mí lánàá, ìwọ náà kò sì jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Òun ni, àbí?"

Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Má sọ ọ́. Iṣẹ́ àwọn àgbà nìyẹn. Bí wọ́n bá dé, n óò fi aṣọ òtútù bo ìborùn mi, n óò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bọ́ ìborùn rẹ, ọmọ mi. Jẹ́ ká sunkún tiwa kí wọ́n tó dé."