Álọ́ọ̀mù Tí Misturat Dà Sínú Púùlù

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ kankan bá ń lúwẹ̀ẹ́ nílé yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ṣakí ni Misturat ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ṣe púùlù kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé wọn, táìlì funfun ni wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwòrán ẹja búlúù kan sì wà láàárín. Kò sí ìbátan tí kò tíì gbọ́ nípa púùlù yìí. Ẹni tí Misturat fẹ́ kó rí i jù ni Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Tẹ̀dé, tó retí ọmọ fún ọdún mọ́kànlá kí Ọlọ́run tó fún un ní Mùyìbátù. Òun nìkan ló bí. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà.

"Ẹ mú un wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi," Misturat sọ fún un lórí fóònù. "Omi ti ń dúró dè é."

Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ni. Oòrùn mú gan-an, àkọ́rọ̀ òjò sì ti gbá eruku wọnú omi. Nígbà tó fi máa ku ọjọ́ mẹ́ta kí àlejò dé, púùlù ti di àwọ̀ ewé. Misturat pe Peter tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni ó wà níbi iṣẹ́.

"Mà, kúlóríìnì tó ń pa kòkòrò inú omi yẹn ló ti tán," Peter ní. "Oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ títí n ó fi dé. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí mo fún yín, kí ẹ kán oògùn rẹ̀ sí i. Bí àwọ̀ ìyeyè tó bá ti ara káàdì rẹ̀ mu ò bá yọ, omi yẹn ò ṣeé wọ̀."

"Mo ti gbọ́, Peter."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó ṣì dúró ná. Ó wá rántí bí ìyá wọn ṣe máa ń fi álọ́ọ̀mù yí omi odò nínú ìkòkò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, tí omi á sì mọ́ gaara. Ó ra álọ́ọ̀mù, ó gún un, ó dà á sínú púùlù. Lọ́jọ́ kejì, ó fi pọ́ǹpù fa ìdọ̀tí tó ti rọ̀ jáde. Ẹja búlúù yọ gedegbe. Ìgò kékeré wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò fọwọ́ kàn án.

"Misturat, omi yìí mà mọ́ o," Àrínọlá sọ nígbà tó dé. "Èyí tí à ń mu nílé ò tó o."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ẹ bọ́ síbẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Kí wọ́n lè máa sọ ní Tẹ̀dé pé mo ti ya wèrè?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Tọ́jú rẹ̀ fún mi. Kì í mọ ìgbà tó yẹ kó jáde nínú omi." Ó padà sí Tẹ̀dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mùyìbátù ń wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń gbé omi mì bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹrin, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Nígbà tí Misturat fi gbé e dé ọsibítù, ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ láìsinmi ò lè la ojú mọ́.

"Omi wo ló wọ̀?" dókítà bi í.

"Púùlù ilé wa ni. Omi náà mọ́, dókítà, mo rí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

"Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Misturat mú fóònù, ó pe Peter.

Peter ló yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì. Ó kán oògùn sínú ìgò, omi ò yí padà rárá. "Mà, álọ́ọ̀mù kàn ń kó ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀ ni," ó rọra sọ. "Kì í pa kòkòrò."

Àrínọlá ti gun ọ̀kadà dé láti Tẹ̀dé. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Misturat kúnlẹ̀.

"Àǹtí mi, wọ́n kìlọ̀ fún mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá omi náà ní dídọ̀tí ni."

Àrínọlá fà á dìde. "Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" ó bi í. Ìyẹn ló pa Misturat lẹ́kún.

Ọlọ́run ṣàánú. Mùyìbátù lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀, ó sì dìde. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbé e lọ tààrà sílé, oṣù mẹ́rin sì kọjá kí ọmọ náà tó tún tẹ ilé Misturat.

Nígbà tó wá nínú oṣù kẹjọ, kò sáré síbi omi. Ó dúró létí rẹ̀, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Mọ́mì Ṣakí," ó ní, "ṣé ẹ ti kán an?"

Misturat mú ìgò kékeré jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn títí àwọ̀ ìyeyè fi yọ, tó sì bá ti ara káàdì mu. Ìgbà náà ni Àrínọlá tú ọwọ́ ọmọ náà kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ojú lásán mọ omi tó dára. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ tí ọmọ bá máa wọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò, lẹ́yìn eruku ọyẹ́, àti nígbà tí èrò bá pọ̀ nínú rẹ̀. Kí kúlóríìnì wà láàárín ọ̀kan sí mẹ́ta lára káàdì. Bó bá dín, kòkòrò á wà láàyè. Bó bá pọ̀ jù, á ta ọmọ lójú àti lára. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fi kúlóríìnì sí i, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì dára, ẹ sọ fún àlejò yín pé kò tíì dára. Ìtìjú yẹn á kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Àrínọlá ní.