Kọ̀ǹkọ̀ Bá Ayọ̀bọ̀rọ́ Du Àgbà

Ẹ gbọ́ àlọ́ o! Ẹ dáhùn kí n gbọ́! Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó balẹ̀ sórí Kọ̀ǹkọ̀, baba tó sanra jù lódò.

Lójú Kọ̀ǹkọ̀, ẹni tó bá tóbi jù ló dàgbà jù. Lọ́jọ́ tí àwọn àna rẹ̀ wá kí i, ó ń yan bọ̀ lórí òkúta, ló bá tẹ Ayọ̀bọ̀rọ́, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta odò. Ìdí baba balẹ̀ gbàà! Àwọn àna rẹ́rìn-ín títí.

Kọ̀ǹkọ̀ jágbe pé, "Ìwọ kíńkín yìí, o ò mọ àgbà ni?"

Ayọ̀bọ̀rọ́ ní, "Baba, kí ìran yín tó ní ìdí ni mo ti wà lódò yìí."

Inú bí Kọ̀ǹkọ̀. Ó bẹ Akàn lọ́wẹ̀, Akàn sì fi èékánná ha gbogbo òkúta mọ́, ìwọ̀nba Ayọ̀bọ̀rọ́ tó kù bá sá sábẹ́ àpáta.

Kò pẹ́ tí Àkèré ìyàwó rẹ̀ fi figbe ta: "Baba Légbénlègbé, ẹ ti pa wá! Ayọ̀bọ̀rọ́ yẹn làwọn ọmọ ń lá jẹ!"

Kọ̀ǹkọ̀ wo inú omi. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ti kú. Ó sáré lọ sábẹ́ àpáta tí Ayọ̀bọ̀rọ́ sá sí. Ikùn ò jẹ́ kó lè dọ̀bálẹ̀, ló bá lóṣòó:

Ayọ̀bọ̀rọ́, jọ̀ọ́ padà wá,
*Yọ̀bọ̀rọ́ yọ̀!*
Ebi ń pa ọmọ tí mo bí o,
*Yọ̀bọ̀rọ́ yọ̀!*
Ìdí ńlá ò ṣe é sè jẹ,
*Yọ̀bọ̀rọ́ yọ̀!*

Ayọ̀bọ̀rọ́ ní, "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní kẹ́ ẹ dìde o."

Ó padà, àwọn ọmọ díẹ̀ tó kù sì yè. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo Kọ̀ǹkọ̀ létí odò. Ó ṣì lóṣòó.